Bí a ṣe ń kọ ráàpù Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ò ní ṣìnà: láti orí ìwé dé ẹnu máíìkì

Nígbà tí mo kọ ẹsẹ ráàpù àkọ́kọ́ mi tán, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo gbé e lọ. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó wá bi mí pé, "Ta lò ń bá jà, ọmọ mi?" Mo ní n ò bá ẹnikẹ́ni jà, orin ni. Ó ní ó dáa, àmọ́ òun ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Etí rẹ̀ ò di, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹsẹ náà tí kì í ṣe Yorùbá. Èmi ni mo ba ohùn àwọn ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo pe "ọkọ̀" bí ẹni ń pe "ọkọ́", mo fa ọ̀rọ̀ gùn níbi tí kò yẹ, mo gé e kúrú níbi tó yẹ kó sinmi, torí pé ìrìn ẹnu àwọn olóràápù Amẹ́ríkà ni mo ń tẹ̀ lé, mo wá ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù.

Ohun tí mo kọ́ láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ráàpù Yorùbá tí màmá àgbà á gbọ́ yé, tí àwọn ọmọ àdúgbò náà á sì máa mi orí sí. Bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé èyí: ní èdè tiwa, fáwẹ́lì tó bára mu ní ìparí ìlà kọ́ ló ń gbé ráàpù ró. Ohùn ni.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, mọ ilé tí o fẹ́ wọ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá ní ilé gbígbé kan ní 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, ní ìlú New York. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí DJ Kool Herc, ló bá a gbé orin sí i. Herc ti rí i pé ibi tí orin bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ni àwọn èèyàn ti máa ń jó jù, ló bá ń fi àwo orin méjì fa ibẹ̀ gùn. Orí ìlù tí a fà gùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó di máíìkì mú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1979, àwo orin ẹgbẹ́ Sugarhill Gang gbé e jáde kúrò ní àdúgbò, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ olórin Remedies fi Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pídgìn lọ́ra wọn ní ìparí àwọn ọdún 1990. Lord of Ajasa fi Yorùbá ṣe é nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ará oko. Lẹ́yìn náà ni Dagrin dé. Ọdún 2009 ni àwo rẹ̀, C.E.O., jáde, ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010 ló sì kú lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ní Èkó. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tó fi jẹ gbajúmọ̀ náà, síbẹ̀ n ò tíì rí ẹni tó yí ọwọ́ iṣẹ́ yìí padà tó o. Ohun tó ṣe ò ṣòroó sọ: bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe gbé e sórí ìlù, kò fọ̀ ọ́ mọ́, kò sì tẹ̀ ẹ́. Olamide láti Bàrígà gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, jáde ní 2011, Reminisce tẹ̀ lé e ní 2012. Ní 2015, Reminisce pe Olamide àti Phyno, tó ń fi èdè Ìgbò ṣe tirẹ̀, sínú orin kan tí wọ́n sọ ní "Local Rappers". Orúkọ tí wọ́n fi ń fojú di wọ́n náà ni wọ́n gbé wọ̀ bí agbádá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń sọ fún ọ pé ráàpù kì í ṣe iṣẹ́ ònkọ̀wé, sọ fún un pé ní 2018, ẹ̀bùn Pulitzer ti ẹ̀ka orin, tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn olórin kíláṣíkà àti jáàsì rí, bọ́ sọ́wọ́ olóràápù Amẹ́ríkà, Kendrick Lamar, nítorí àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ DAMN. Àmọ́ àwa gan-an ò nílò ẹ̀rí yẹn. Ọmọ èdè tó ní ìjálá, ẹ̀sà egúngún, rárà, ẹkún ìyàwó àti dadakúàdà ni wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, Ṣóbọ̀ Aróbíodu, ọmọ Ẹ̀gbá, ti mú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orin Orò, ó fi kọ ewì, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. N ò sọ pé inú ìjálá ni ráàpù ti wá o. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ìfẹ́ ilé bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe orin pátápátá, tí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí ráàpù tó dé. Ìwọ ni kí o má já etí náà kulẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kó ọ̀rọ̀ jọ

Má tíì fọwọ́ kan bíìtì kankan, ìyẹn ìlù tí o máa ráàpù lé lórí. Ra ìwé kékeré tó lè wọ àpò, tàbí kí o ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú fóònù rẹ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ tí o bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn nìkan ni kí o máa kọ sí i, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Lọ sí gáréèjì, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, sí ibi tí wọ́n ti ń ta ayò. Bí ìyá oníṣu bá sọ pé, "Ẹ má fọwọ́ pa á lórí, kì í ṣe ọmọ yín," kọ ọ́. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ní "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín," kọ ìyẹn náà. Ohun tí o ń wá ni ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti yọ́ kù, tó ti ní ìrìn tirẹ̀ kí ìlù tó bá a.

Lẹ́yìn náà, lọ bá àgbà ilé yín, kí o ní kó ki oríkì orílẹ̀ yín fún ọ. Gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù, lẹ́yìn tí o bá ti tọrọ ààyè. Má kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Fetí sí ibi tó ti mí, ibi tó ti yára, ibi tó ti fa ọ̀rọ̀ kan gùn kó tó já a bọ́. Ìyá bàbá mi máa ń ki oríkì wa bí ẹni ń rọ àgbàdo sínú agolo: á dà á gìrì, á dúró, á tún mì ín. Kò sí bíìtì kankan lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ o lè fi ẹsẹ̀ gbá a. Ilé-ẹ̀kọ́ ráàpù tó dára jù tí mo mọ̀ nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ ìlù rẹ

Èyí ò le. Ọ̀pọ̀ bíìtì ráàpù ló jẹ́ pé mẹ́rin-mẹ́rin lo máa ka ìlù rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, o tún bẹ̀rẹ̀. Ìkà mẹ́rin kan ni àwọn ará sítúdíò ń pè ní báà kan. Ẹsẹ kan sábà máa ń jẹ́ báà 16. Bí bíìtì náà bá ń sáré ní ìlù 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, báà kan ò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀ lọ, ẹsẹ rẹ látòkè délẹ̀ á sì gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 43. Bẹ́ẹ̀ ló kéré tó. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ̀ pé òun ò ráyè fi ìlà mẹ́rin kí àwọn èèyàn.

Fi bíìtì náà sílẹ̀ kó máa lù, kí o máa ṣe iṣẹ́ ilé. Fọ abọ́, gbálẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti ń gbá a láìjẹ́ pé o rán an níṣẹ́ ni kí o tó jókòó ti ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ka sílébù

Gbogbo fáwẹ́lì tí o bá pè jẹ́ sílébù kan, "ń" tàbí "ǹ" tó bá dá dúró náà sì jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, "oríkì" jẹ́ mẹ́ta, "kọ̀ǹpútà" jẹ́ mẹ́rin, "èédú" jẹ́ mẹ́ta. Lórí bíìtì 90 yẹn, sílébù 12 sí 14 nínú ìlà kan máa ń rìn geere láìfún ọ lọ́rùn. Bí ó bá ti ju 16 lọ, sáré ni yóò máa sáré, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́.

Bí ìlà bá gùn jù, má yára gé ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ kúrò. Èdè wa ti fún wa ní ọ̀nà míì: ìpajẹ. "Rí owó" jẹ́ mẹ́ta, "rówó" jẹ́ méjì. "Ra ẹja" di "rẹja," "jẹ ẹran" di "jẹran," "ṣe iṣẹ́" di "ṣiṣẹ́." Bí ìlà bá kúrú, tú u padà, kí o pe méjèèjì ní kíkún, á fún ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Oníjàálá ń ṣe é, asunrárà ń ṣe é. Àmọ́ má pa ibi tí ẹnu ò ti ń pa jẹ. Sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ láìsí ìlù, bí ó bá ní "kí lo wí?", o ti pa á jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohùn

Ibí ni kí o ti pẹ́ jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ lè parí sí oríṣiríṣi kọ́ńsónáǹtì, kò rọrùn kí méjì bára mu, ìdí nìyẹn tí inú wọn fi ń dùn bí ó bá bára mu. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí kọ́ńsónáǹtì tó ń parí sílébù Yorùbá, fáwẹ́lì àìránmúpè wa ò sì ju méje lọ. Bí o bá ju òkúta sínú ọ̀rọ̀ wa, á ba méjì tí ìparí wọn bára mu. Nítorí náà, bí o bá to ìlà 16, tí gbogbo wọn parí sí "o," o ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Àwọn tó bí wa lọ́mọ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn alohùn àtijọ́ ò fi ka ìbáramu fáwẹ́lì sí bàbàrà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ohùn ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti bí gbólóhùn kan ṣe ń dáhùn èkejì.

Wo ìlà méjì yìí, tí mo kọ nípa ìyá kan tó ń sun àgbàdo ní ìkóríta:

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, èédú ò tíì ràn,
Ìyá alágbàdo ń fẹ́ ẹ, kò wo tẹ̀gàn.

Ka sílébù: 12, lẹ́yìn náà 13. Ó wọ inú báà. Wàyí o, pa ọ̀rọ̀ tì, kí o fi ẹnu kọ ohùn rẹ̀ nìkan, dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ìlà kìíní á dún báyìí: dò-dò mí dò-dò, dò-mí-mí dò mí-dò dò. Ìlà kejì: dò-mí re-mí-dò-re mí mí re, dò re dò-dò. Ṣé o rí i pé méjèèjì parí sí dò-dò? Etí á gbà á pé wọ́n jọ jókòó. Bí mo bá fi "ìran" parí ìlà kejì, fáwẹ́lì rẹ̀ á bá "ràn" mu dáadáa, àmọ́ ohùn rẹ̀ á rọ̀ sókè díẹ̀, ìlà náà á sì dà bí ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti dìde. Nígbà mìíràn, ohun tí o fẹ́ gan-an nìyẹn: bí o bá fẹ́ kí olùgbọ́ máa retí, parí ìlà sí ohùn òkè tàbí àárín, kí o wá fi ohùn ìsàlẹ̀ pa ilẹ̀kùn ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Ṣáà mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é, kì í ṣe pé ó ṣèèṣì.

Gbìyànjú méjì míì, tí ìparí wọn jẹ́ re-mí:

Owó iléèwé ọmọ wà nísàlẹ̀ abọ́,
Èéfín bo ojú, iná sì ń jó ọwọ́.

Níbí, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "jó ọwọ́" sílẹ̀ láìpa á jẹ, kí "ọwọ́" lè dúró ní tirẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè bá "abọ́" dọ́gba. Bí mo bá kọ "jó o lọ́wọ́," ó ti di mí-mí nìyẹn, ìdọ́gba náà ti yẹ̀.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe rèé: bí o bá mọ ẹni tó ń lu gángan, kọ ohùn ìlà rẹ fún un láìsọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó lù ú. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mọ ohun tí o sọ látinú ìlù náà, ìlà rẹ dúró. Bí kò bá sí onílù nítòsí, kùn ún pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ìlà tí gbogbo ohùn rẹ̀ bá tẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin á sú èèyàn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó.

Lo àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọrọ̀ ilé wa nìyẹn, kò sì wọ́pọ̀ ní èdè àwọn tó kọ́ wa ní ráàpù:

Oníbàárà dé, ó na igba náírà,
Ó ní kó kún igbá. Ìgbà ti yí padà!

Igba, igbá, ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹsẹ kan ti tó, ó pọ̀ jù ni ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á máa yìn ọ́, wọn ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Ohun kan tún kù lórí ohùn. Àwọn àgbà inú ìjọ mọ ìṣòro yìí tipẹ́: nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ́, ohùn orin tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì di nǹkan míì lẹ́nu akọrin. Ráàpù ò ní ohùn orin tó ń fipá mú ọ. O ní òmìnira láti pe ọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ ṣe pè é, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí bá èdè wa lára mu ju ọ̀pọ̀ orin tí a ń kọ lọ. Ibi tí ewu wà ni ègbè, torí ibẹ̀ lo ti máa kọrin. Kọ ọ̀rọ̀ ègbè ná, kùn ohùn rẹ̀, kí o wá fa orin jáde látinú kíkùn náà. Má fi ọ̀rọ̀ sínú orin tí o ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Má sì gba sílébù kan ní ẹ̀ṣẹ́ bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe láti jẹ́ kó bá ìlù mu. Tiwọn gbà á, tiwa ò gbà á. Bí o bá fi agbára gbé sílébù ohùn ìsàlẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o to ìlà náà kí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì bọ́ sórí ìlù fúnra rẹ̀: Òjò ṣú / dẹ̀dẹ̀ / èédú ò / tíì ràn. "Ràn" bọ́ sí ìkà kẹrin láìjẹ́ pé mo tì í.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òwe, àdàpọ̀ èdè, àti ohun tí o fẹ́ sọ

Má da òwe odindi sínú ẹsẹ rẹ. Bí o bá ní "igi gogoro," gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti parí rẹ̀ fún ọ lọ́kàn. Ìlà tí ì bá gba ìyókù rẹ̀, lò ó fún nǹkan míì. Bí o bá sì fẹ́ yí òwe padà, jẹ́ kí apá àkọ́kọ́ wà bó ṣe wà, kí ìyàtọ̀ lè hàn.

Àdàpọ̀ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pídgìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí Èkó àti Ìbàdàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ: ta ló ń sọ̀rọ̀ ní ìlà yìí? Bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ni, pídgìn lè tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ tó ń gbàdúrà, fi í sílẹ̀ ní Yorùbá. Kò sí ohun tó burú bí ìlà tó sá lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì kìkì nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ò rí ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀. Ẹ̀ka èdè ilé yín náà, gbé e wá: bí Ìjẹ̀bú ni, bí Èkìtì ni, bí Oǹdó ni. Àwọn ará Kúbà tó dá ẹgbẹ́ Orishas sílẹ̀ gbé orin ìsìn Lùkùmí, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ, sínú ráàpù Sípéènì wọn ní àwo wọn ti 1999. Ẹni tí òkun pín níyà ò tijú èdè yìí, kí ló dé tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ fi máa tijú Èkìtì?

Nípa ohun tí o fẹ́ sọ, mi ò ní bò ó: ó ń dùn mí bí a ṣe ń fi ohùn tó dùn báyìí bú obìnrin, tí a sì ń fi ki ẹni tó jí owó onílé. Kíki ọlọ́rọ̀ kì í ṣe tuntun. Àpàlà ṣe é, fújì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n akọrin tó mọṣẹ́ máa ń sọ ohun tí ọlọ́rọ̀ náà ṣe, ibi tó ti wá, ẹni tó bí i. Bí o bá fẹ́ ki èèyàn, sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìlà kan tí a lè fojú rí. Ìyá alágbàdo yẹn ò ní ju ìlà mẹ́fà lọ, àmọ́ èéfín rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orin Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn kankan. "Oko" ni wọ́n kọ, o ò mọ̀ bóyá oko ni, ọkọ ni, ọkọ̀ ni tàbí ọkọ́. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ tó bá fẹ́ kà á ò ní mọ̀. Kọ tìrẹ dáadáa. Fóònù Android ní Gboard tó ní Yorùbá. Yan èdè náà nínú sẹ́tín rẹ̀, àmì á wà lábẹ́ ìka rẹ. Bí o ò bá mọ àmì fi sí, kùn ọ̀rọ̀ náà ní dò-re-mí: dò gba èyí tó wálẹ̀, mí gba èyí tó gòkè, re kò gba nǹkan kan. Èyí ń ran ìwọ náà lọ́wọ́, torí pé bí o bá ń fi àmì sí i, o ò ní ṣàì rí ìlà tí ohùn rẹ̀ tẹ́. Mo ti tún ìlà tó pọ̀ kọ kìkì nítorí pé mo rí i lórí ìwé pé kò sí òkè kankan nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: gbà á sílẹ̀

Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ (/) sí gbogbo ibi tí o ti máa mí nínú ẹsẹ rẹ kí o tó dé iwájú máíìkì. Bí ìlà méjì bá lọ láìsí igi, tún un tò. Nínú ilé, wọ́dúróòbù tó kún fún aṣọ ń pa ìró tó ń padà bọ̀. Dúró sí ẹnu rẹ̀, kí máíìkì tàbí fóònù jìnnà sí ẹnu rẹ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ tí o ya. Fi yíàpíìsì gbọ́ bíìtì, kó má baà wọ inú ohùn. Gba ẹsẹ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró, kí o sinmi, kí o gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Bí o bá fẹ́ fi ohùn kejì bo ti àkọ́kọ́ láti fún un lágbára, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà nìkan ni kí o bò, àfi bí o bá lè pè é pẹ̀lú ohùn kan náà láìyẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé àdéhùn

Kí orin tó jáde, kọ ọ́ sórí ìwé: ẹni tó ṣe bíìtì, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó kọ ègbè, ìdá tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Nàìjíríà ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, àmọ́ òfin ò lè rántí ohun tí ẹ sọ lẹ́nu ní òru. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí ègbè orin kan ṣoṣo tú wọn ká. Bí o bá sì fẹ́ gé ohùn olórin fújì tàbí alápàlà láti inú àwo rẹ̀ sínú tìrẹ, gba àṣẹ. Oríkì ilé yín jẹ́ ti gbogbo yín. Ohùn ẹni tó ki oríkì sínú àwo ní ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: gbé e lọ bá àgbà

Pa bíìtì. Jókòó ti ẹni tó dàgbà jù lọ nínú ilé, kí o ka ẹsẹ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ ìròyìn. Má ṣàlàyé. Ibi tó bá ti dá ọ dúró pé kí o tún un sọ, fàlà sí i. Bí ó bá jẹ́ torí pé kò yé e ni, ohùn ló yẹ̀, padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Bí ó bá jẹ́ torí pé ó dùn mọ́ ọn ni, ìlà yẹn ni kí o fi ṣí ẹsẹ kejì. Nígbà tí mo gbé ti ìyá alágbàdo lọ bá ìyá bàbá mi, "Owó iléèwé ọmọ wà nísàlẹ̀ abọ́" ló ní kí n tún kà. Ó ní ta ló sọ ọ́ fún mi pé abẹ́ abọ́ lòun ń fi tèmi sí.